Chappal Waddi: òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, àti ìdí tí ìwé kò fi fẹnu kò lórí rẹ̀

Ṣóńṣó Àpáta Olúmọ ní Abẹ́òkúta kò ga tó ojú títì Òkè-Fìà ní Òṣogbo. Láti ojú òkun, mítà 137 ni orí Olúmọ. Ìlú Òṣogbo wà ní nǹkan bíi mítà 320. Ká ní òkun kún, tó bo Olúmọ mọ́lẹ̀ pátápátá, wọn á ṣì máa ná ọjà ní Ọjà-Ọba, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ní tutù. Síbẹ̀, ẹni tó dúró nídìí Olúmọ á gbójú sókè títí fìlà rẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́, nígbà tí ẹni tó ń sọ̀ nínú ọkọ̀ ní Òkè-Fìà kò ní rántí rárá pé ibi gíga lòun wà.

Ohun méjì là ń pè ní gíga níbẹ̀. Ọ̀kan ni gíga láti ojú òkun. Èkejì ni gíga láti ìdí òkè dé orí rẹ̀, èyí tí ojú ń rí. Ìwé jọ́gíráfì, máàpù àti Google, ti àkọ́kọ́ ni wọ́n máa ń sọ. Ojú tiwa, ti èkejì ló mọ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ti ilé ìwé dé, tó ní òkè wo ló ga jù ní Nàìjíríà. Bàbá á ní Ìdànrè ni. Ẹ̀gbọ́n á ní Jos ni. Ìwé kan á ní Mambilla, òmíràn á ní Dimlang, kálukú á sì máa bura.

Ìdáhùn rẹ̀ ni Chappal Waddi, mítà 2,419, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 7,936. Ìpínlẹ̀ Tàràbà ló wà, létí ààlà àwa àti Kamẹrúùnù, láàárín àwọn òkè tí wọ́n ń pè ní Gotel. Bó bá jẹ́ torí ìdánwò nìkan ni, ẹ lè dúró síbí. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí òkè náà wà gan-an, ohun tó yí i ká, àti ìdí tí àwọn ìwé fi ń tako ara wọn, kó fara balẹ̀.

Orúkọ rẹ̀

Àwa Yorùbá fúnra wa mọ bí ọ̀rọ̀ "òkè" ṣe lè ṣini lọ́nà. Òkè-Fìà, Òkè-Baálẹ̀ àti Òkè-Ayépé, àdúgbò ni gbogbo wọn. Òkè-Òkun kì í ṣe òkè, òdìkejì òkun ni. Òkè-Ọya náà, òdìkejì odò Ọya ló túmọ̀ sí, èèyàn sì lè rìn níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́ bí ẹní.

Irú rẹ̀ ló wà nínú èdè Fúlàní ìhà ibẹ̀. "Chappal" kì í ṣe orúkọ òkè kan ṣoṣo. Ilẹ̀ olókè ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa rí Chappal Hendu lórí máàpù agbègbè kan náà ("hendu" ni atẹ́gùn lédè wọn), tí ẹ ó tún rí Chappal mìíràn nítòsí rẹ̀. Tí ẹ bá kọjá ààlà sí Kamẹrúùnù, níbi tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ àwọn Faransé kọ̀wé, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà á di "Tchabal". Tchabal Mbabo tó wà lódìkejì ààlà kì í ṣe àṣìkọ Chappal Waddi. Òkè mìíràn ni, mítà 2,460 sì ni, ó fi díẹ̀ ga ju tiwa lọ. Ẹni tó bá ka méjèèjì pọ̀ á rò pé wọ́n ti tún òkè wa wọ̀n.

Orúkọ kejì tí wọ́n ń pe Chappal Waddi ni Gangirwal. Bí ẹ bá rí i pé ìwé kan ní Gangirwal ló ga jù, tí èkejì ní Chappal Waddi ni, kò sí ìjà níbẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ pé "Òkè Ikú" ni ìtumọ̀ Chappal Waddi. Ẹ má gbára lé e jù: "maayde" ni ikú lédè Fúlàní, kò sì jọ "waddi" níbi kankan.

Ibi tó wà

Àríwá dígírì 7 àti ìṣẹ́jú 2, ìlà-oòrùn dígírì 11 àti ìṣẹ́jú 43. Bí ẹ bá fẹ́ rí i lórí fóònù, ẹ tẹ 7.03, 11.72 sínú Google Maps. Nọ́ńbà ti àríwá ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú. Ẹni tó bá kọ 11.72, 7.03, ìhà Funtua ní ìpínlẹ̀ Katsina ni máàpù máa gbé e lọ, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá òkè níbi tí kò sí.

Láti Òṣogbo, tí a bá fa okùn tààrà bí ẹyẹ ṣe ń fò, ó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 790, ìlà-oòrùn ni a sì ń kọjú sí pọ́nbélé. Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu nìyí, nítorí a ti gbà pé Tàràbà jẹ́ "àríwá". Òkè náà fi bíi kìlómítà 80 wà ní gúúsù sí Òṣogbo. Ẹni tó bá fi Òkè-Ọya ṣe atọ́nà á rò pé àgbègbè oníyanrìn gbígbẹ ni, bẹ́ẹ̀ igbó òkè, koríko tútù àti omi tó ń ṣàn ló wà níbẹ̀.

Létí Ọgbà Ìpamọ́ Gashaka-Gumti ni òkè náà wà, lápá gúúsù rẹ̀. Ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ pa ibùdó ìpamọ́ méjì pọ̀, Gashaka àti Gumti, tí wọ́n sọ ọ́ di ọ̀kan. Òun ló tóbi jù nínú irú àwọn ọgbà bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà: ó ju 6,000 kìlómítà níbùú-lóròó lọ. Ká fi wé tilé, ó tó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Apá kan rẹ̀ wà ní Tàràbà, apá kejì ní Àdámáwá. Nísàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ kò ju bíi mítà 450 lọ, ọ̀dàn onígi ló pọ̀. Létí odò, igbó dúdú. Bí ẹ bá ń gòkè, igbó á máa fà sẹ́yìn títí yóò fi ku koríko kúkúrú àti àpáta. Ìnàkí ń bẹ nínú igbó náà, irú èyí tó jẹ́ pé Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan la ti lè rí i. Àwọn Fúlàní darandaran sì ní abúlé nínú ọgbà náà, torí koríko orí òkè náà wúlò fún màlúù wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní ti bí òkè náà ṣe débẹ̀: ìlà gígùn kan wà tí òkè oníná tò sí lẹ́sẹẹsẹ, ó tó kìlómítà 1,600. Àárín òkun Àtìláńtíìkì ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba erékùṣù São Tomé àti Bioko, ó jáde sórí ilẹ̀ ní Òkè Kamẹrúùnù, ó sì ń bá a lọ wọ inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ̀gbẹ́ ìlà yẹn ni àwọn òkè Gotel wà. Òkè Kamẹrúùnù ṣì ń bú gbàù (ó bú ní 1999, ó tún bú ní 2000), ṣùgbọ́n Chappal Waddi kì í yọ iná. Èyí yàtọ̀ sí àwọn àpáta ilẹ̀ Yorùbá. Olúmọ àti Ìdànrè, òkúta líle tó ti wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ láti ayébáyé ni wọ́n. Òjò ló fọ iyẹ̀pẹ̀ tó yí wọn ká lọ, ló fi kù wọ́n sí gbangba.

Àwọn abánidíje

Mambilla ló ń fa ariyànjiyàn jù. Mambilla kì í ṣe ṣóńṣó; ilẹ̀ gíga gbalasa ni, orí rẹ̀ tẹ́, ìlú Gembu wà lórí rẹ̀, gíga rẹ̀ ní àpapọ̀ sì tó bíi mítà 1,600. Òun ni ilẹ̀ olórí títẹ́ tó ga jù ní Nàìjíríà. Ẹni tó ní Mambilla ló ga jù kò purọ́ tó bá jẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ní lọ́kàn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kọ ọ́ pé mítà 2,419 ni gíga Mambilla "ní àpapọ̀", ìyẹn ni pé wọ́n gbé adé Chappal Waddi lé e lórí. Láti Gembu dé Chappal Waddi ju kìlómítà 60 lọ, kódà tí a bá fò ó.

Òkè Dimlang, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Vogel Peak, wà lórí àwọn òkè Shebshi. Mítà 2,042 ni wọ́n ń kọ fún un. Òkè Shere, nítòsí Jos, jẹ́ 1,829. Ẹ wo nọ́ńbà méjì yìí dáadáa. Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ mítà 0.3048. Bí ẹ bá sọ 6,000 ẹsẹ̀ bàtà di mítà, 1,829 gééré ló máa jáde. Bí ẹ bá sọ 6,700 di mítà, 2,042 ni. Nọ́ńbà tó dà bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n dé orí mítà kan ṣoṣo, ó jọ pé ẹnì kan ti kọ́kọ́ fojú bù ú sí ẹsẹ̀ bàtà tó kún rẹ́gí, tí ẹlòmíràn wá fi kakuléétọ̀ yí i padà. Ìdànrè náà rí bẹ́ẹ̀: 3,000 ẹsẹ̀ bàtà di 914. Nítorí náà, tí ìwé méjì bá fi mítà mẹ́wàá yàtọ̀ síra, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà.

Wọ́n tún máa ń sọ pé Chappal Waddi ló ga jù ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ó kù díẹ̀ káàtó. Orílẹ̀-èdè Cabo Verde wà nínú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, òkè Fogo tó wà níbẹ̀ sì ga tó mítà 2,829. Ohun tó tọ́ láti sọ ni pé, bí a bá yọ erékùṣù kúrò, tí a sì ka Kamẹrúùnù sí Àárín Gbùngbùn Áfíríkà gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe kà á, Chappal Waddi ló gbégbá orókè.

Ìdí mìíràn tún wà tí ìwé àtijọ́ kò fi dárúkọ rẹ̀: òkè náà kò tí ì sí nínú Nàìjíríà nígbà yẹn. Ilẹ̀ Gashaka àti Mambilla wà lábẹ́ Jámánì kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó dé; lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú orúkọ Kamẹrúùnù ti Àríwá. Ní ọjọ́ 11 àti 12 oṣù Kejì, ọdún 1961, àwọn ará ibẹ̀ dìbò pé Nàìjíríà làwọn ń bá lọ, wọ́n sì wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún náà. Kamẹrúùnù ti Gúúsù yan òdìkejì, ó sì gbé Òkè Kamẹrúùnù, tó ju mítà 4,000 lọ, dání lọ. Àgbàlagbà tó kàwé ṣáájú 1961, tó ń tẹnu mọ́ ọn pé nǹkan mìíràn ni wọ́n kọ́ òun, ẹ fi í sílẹ̀. Ààlà ló ṣí, kì í ṣe òkè.

Bí fóònù ṣe ń wọ̀n ọ́n

Ẹ lè dán èyí wò ní Òṣogbo kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ dúró níta gbangba, ẹ tan GPS, kí ẹ sì fún un ní ìṣẹ́jú mélòó kan kó rí sátẹ́láìtì tó pọ̀ tó. Áàpù kan lè gbé 320 wá, èkejì 345. Kì í ṣe pé fóònù bàjẹ́. Bí áàpù kan bá ń wọn gíga láti ojú òkun, òmíràn ń wọ̀n ọ́n láti orí ìrísí ayé tí wọ́n fi ìṣirò yà, tó dán bí ẹyin. Ní apá ibí yìí, ìyàtọ̀ méjèèjì lé ní ogún mítà. Lẹ́yìn náà, GPS máa ń mọ ibi tí èèyàn dúró sí dáadáa ju bó ṣe mọ bó ṣe ga tó lọ. Bí igi tàbí ògiri bá yí yín ká, ọ̀rọ̀ á tún burú sí i.

Google Earth ní tiẹ̀ kì í lo GPS yín fún gíga. Ẹ gbé máósì sórí ibi tí ẹ fẹ́, iye gíga á hàn nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà ti ọwọ́ ìwọ̀n kan wá, èyí tí ọkọ̀ òfurufú Endeavour fi rédà ṣe láti gbangba ojúu sánmà fún ọjọ́ 11 ní oṣù Kejì ọdún 2000. Ó pín ilẹ̀ sí ègé kéékèèké, ègé kọ̀ọ̀kan tó 30 mítà ní ìbú, ó sì fún ègé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Lórí ilẹ̀ títẹ́ bíi ti Òṣogbo, èyí kò ṣe nǹkan kan. Lórí ṣóńṣó, ibi gíga àti ẹ̀bá tó ń sọ̀ kalẹ̀ á pọ̀ mọ́ra, orí òkè á sì pàdánù mítà mélòó kan. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi ní rí 2,419 gan-an bí ẹ tilẹ̀ gbé máósì sí àárín gbùngbùn rẹ̀.

Ohun tí gíga ń ṣe sí èèyàn àti sí ìkòkò

Ní ìgbà púpọ̀, bí a bá gun òkè tó ẹgbẹ̀rún mítà, òtútù á fi bíi dígírì 6.5 pọ̀ sí i. Láti Òṣogbo dé orí Chappal Waddi lé díẹ̀ ní mítà 2,000, nítorí náà ẹ ka dígírì 13 sí 14. Ọ̀sán tó jẹ́ dígírì 30 ní Òṣogbo lè jẹ́ 16 lókè lọ́hùn-ún. Ti ọ̀sán nìyẹn o. Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́ lóru, sùwẹ́tà kan kò tó.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí a bá pe ti Òṣogbo ní ọgọ́rùn-ún, ti orí òkè náà á jẹ́ bíi 77. Èémí á máa yára já, ẹrù tí ẹ gbé láìkà á sí nílé á wúwo. Ṣùgbọ́n bíi mítà 2,500 ni àìsàn orí òkè ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní rí ju orí fífọ́ díẹ̀ lọ.

Orí oúnjẹ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dójú rú. Nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ ti dín kù, bíi dígírì 92 ni omi ti máa ń hó lórí Chappal Waddi. Ní Òṣogbo ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 99. Omi á máa hó kùtùkùtù lójú yín, ẹ̀wà kò sì ní rọ̀. Ẹ máa kóná mọ́ ọn o, kò sí àyípadà, torí omi tó ti ń hó kì í gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ńṣe ló kàn ń gbẹ. Igi ìdáná á tán, ẹ̀wà á ṣì le. Ẹni tó bá gbọ́n á rẹ ẹ̀wà mọ́jú, tàbí kó gbé prẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù dání, tàbí kó fi ẹ̀wà sílẹ̀ pátápátá. Gàárì mímu ni kò mọ̀ pé òun gun òkè.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ

Láti Òṣogbo, ó tó ẹgbẹ̀rún kìlómítà lórí títì, ẹ sì ka ọjọ́ méjì gbáko sí i. Ọ̀nà kan gba Lọ́kọ́ja, Ajaokuta, Ankpa, Otukpo, Makurdi, Wukari, Mutum Biyu, Bali, títí dé Serti. Serti ni olú ọ́fíìsì ọgbà ìpamọ́ náà wà, ibẹ̀ sì lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró: wọn á gba owó ìwọlé, wọn á yan ẹ̀ṣọ́ tó mọ ọ̀nà tẹ̀lé yín. Ẹ ti pè ṣáájú kí ẹ tó kúrò nílé láti mọ bí ààbò ṣe rí. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má wá, ẹ má lọ. Ààlà ni ibẹ̀, ìrànlọ́wọ́ sì jìnnà. Láti Serti wọ Gashaka àti síwájú, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kò wúlò. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ ló kù, ọjọ́ mélòó kan ni lílọ àti àbọ̀.

Ìgbà tí ẹ ó lọ ṣe pàtàkì ju bàtà tí ẹ ó wọ̀ lọ. Nígbà òjò, odò máa ń kún bo ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, kò sì sí bí ẹ ó ṣe yí i po. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹta ni omi máa ń fà. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ máa ń gbé eruku wá ní àkókò yẹn kan náà, ẹ sì lè gun òkè tó ga jù ní Nàìjíríà kí ẹ má rí ju kùrukùru lọ. Bó bá jẹ́ tèmi, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá ni mo máa ní kí ẹ mú: eruku kò tíì pọ̀, odò ti ń fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé koríko ṣì ga nísàlẹ̀.

Ohun kan wà tí àwọn ará Ọ̀ṣun kì í fọkàn sí. Aago kan náà là ń lò láti Èkó dé Yola, àmọ́ oòrùn kò mọ aago. Òkè náà fi dígírì méje lé díẹ̀ wà ní ìlà-oòrùn sí wa, ìyẹn sì jẹ́ bí ìṣẹ́jú 28. Ilẹ̀ máa ń tètè mọ́ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń tètè ṣú tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi aago Òṣogbo ṣírò pé ìmọ́lẹ̀ ṣì kù fún wákàtí kan, ìdajì wákàtí péré ló kù fún un láti pàgọ́.

Tí ẹ bá ń lọ, ẹ wo omi tó wà lábẹ́ afárá Itobe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ajaokuta. Òjò tó rọ̀ sí Gashaka-Gumti ń ṣàn wọ odò Tàràbà, Tàràbà wọ Benue, Benue pàdé Ọya ní Lọ́kọ́ja, gbogbo wọn sì gba abẹ́ afárá yẹn lọ sí òkun. Omi Ọ̀ṣun tiwa, tó ti Ìgèdè-Èkìtì wá, tó gba Òṣogbo, ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló gbà dé ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́. Lórí afárá yẹn, ẹ ṣì ní ọ̀nà tó ju ọjọ́ kan lọ níwájú, omi Chappal Waddi sì ti wá pàdé yín níbẹ̀.